John Boyd Dunlop

John Boyd Dunlop (ọjọ́ 5 Oṣù Èrèlé 1840 – ọjọ́ 23 Oṣù Ọ̀wàrà 1921) jẹ́ dókítà ẹranko àti olùṣẹ̀dá ọmọ ilẹ̀ Skọ́tlándì tí ó lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ ní Írẹ́lándì. Òun ni ó ṣe táyà aláfẹ́fẹ́ àkọ́kọ́ tí àwọn ènìyàn rí lò káàkiri ojú pópó, ní ìlú Belfast, láàárín ọdún 1887 sí 1888. Orúkọ rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ táyà Dunlop ń jẹ́. Ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ náà tí ó wà ní Ìkẹjà, ní ìpínlẹ̀ Èkó, ṣe táyà ọkọ̀ fún Nàìjíríà láti àwọn ọdún 1960 títí di òpin ọdún 2008. Bí orúkọ Dunlop ṣe kárí ayé tó, ẹ̀tọ́ olùṣẹ̀dá tí ó gbà lórí táyà náà kò dúró, òun fúnra rẹ̀ kò sì di ọlọ́rọ̀ ńlá nípasẹ̀ rẹ̀.

Ìbí àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Inú ìdílé àgbẹ̀ ni a bí Dunlop sí ní abúlé Dreghorn, ní agbègbè Ayrshire, ní ìwọ̀-oòrùn Skọ́tlándì. Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ẹranko ní ilé-ẹ̀kọ́ Dick ní ìlú Edinburgh, ó sì gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 19. Lẹ́yìn tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Edinburgh fún ọdún mélòó kan, ó ṣí lọ sí Írẹ́lándì ní ọdún 1867.

Ìlú Downpatrick ni òun àti James, ọmọ ìyá rẹ̀, ti kọ́kọ́ dá ilé ìwòsàn ẹranko sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Dunlop kó lọ sí Belfast, ó sì ṣí ilé ìwòsàn sí òpópónà May Street. Nígbà náà, ẹṣin ni ó ń fa ẹrù àti èrò káàkiri ìlú, nítorí náà iṣẹ́ dókítà ẹranko kò jẹ́ kí ọwọ́ ẹni dilẹ̀. Ilé ìwòsàn Dunlop di ọ̀kan nínú àwọn tí ó tóbi jù ní Írẹ́lándì. Ní ọdún 1871, ó gbé Margaret Stevenson níyàwó, wọ́n sì bí ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan.

Bí táyà aláfẹ́fẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní àkókò yìí, irin tàbí rọ́bà líle tí kò ní ihò nínú ni a fi ń bo ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Òkúta ni wọ́n tò sí ojú títì Belfast, ẹni tí ó bá gun kẹ̀kẹ́ kọjá lórí rẹ̀ yóò máa gbọ̀n láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ọmọkùnrin Dunlop, tí wọ́n ń pè ní Johnny, ní kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tí ó ń gùn. Bí kẹ̀kẹ́ ọmọ yìí ṣe ń ta gbọ̀ọ́ngbọ̀ọ́ng lórí òkúta ni ó mú kí bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa ohun tí ó lè gba ìgbọ̀nrìrì náà mọ́ra kí ó tó dé ara ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́.

Ní Oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1887, Dunlop gé pákó kan ní róbótó. Ó fi rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe túùbù yí etí rẹ̀ ká, ó fi aṣọ bo túùbù náà kí ó má baà bẹ́, ó kan aṣọ náà mọ́ pákó, ó sì fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ bọ́ọ̀lù fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀. Ó wá yọ ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀, ó sì yí àwọn méjèèjì lọ lórí ilẹ̀ àgbàlá rẹ̀. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ọmọ náà ṣubú kí ó tó dé òpin àgbàlá. Pákó tí a fi afẹ́fẹ́ dè yí títí ó fi dé ìpẹ̀kun, ó kọlu òpó ẹnu ọ̀nà, ó sì ta padà. Agbára kan náà ni ó fi ti àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n èyí tí ó ní afẹ́fẹ́ lọ jìnnà ju èkejì lọ.

Ìyẹn fi nǹkan méjì hàn. Èkíní ni pé táyà aláfẹ́fẹ́ rọ ẹni tí ó gùn ún lọ́rùn. Èkejì, tí ó wá ṣe pàtàkì jù fún àwọn oníṣòwò, ni pé ó ń yára, kò sì ń jẹ agbára púpọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1888, Dunlop fi táyà náà sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì kẹ̀kẹ́ Johnny, ọmọ náà sì gùn ún jáde. Ní ọjọ́ 23 Oṣù Agẹmọ ọdún yẹn, Dunlop kọ̀wé béèrè fún ìwé-ẹ̀tọ́ olùṣẹ̀dá, èyí tí ìjọba fi ń dáàbò bo ẹni tí ó ṣe ohun tuntun kí ẹlòmíràn má baà ṣe é jèrè láìgba àṣẹ. Wọ́n fún un ní ìwé náà ní Oṣù Ọ̀pẹ̀ ọdún 1888.

Ìdíje kẹ̀kẹ́ àti ìdásílẹ̀ ilé-iṣẹ́

Àwọn ènìyàn kọ́kọ́ fi táyà tuntun náà ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí bí ó ṣe wú. Willie Hume, olórí ẹgbẹ́ àwọn oníkẹ̀kẹ́ kan ní Belfast, wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí ó ra kẹ̀kẹ́ tí ó ní táyà Dunlop. Ní ọjọ́ 18 Oṣù Èbìbí ọdún 1889, ó fi kẹ̀kẹ́ náà díje ní pápá Queen's College ní Belfast, ó sì fi ẹ̀yìn àwọn sárésáré tí orúkọ wọn ti lókìkí balẹ̀. Kò pẹ́ tí ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní Liverpool.

Lára àwọn tí Hume borí ni àwọn ọmọ Harvey du Cros, oníṣòwò ará Dublin tí ó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn oníkẹ̀kẹ́ ní Írẹ́lándì. Dípò kí du Cros bínú, ó wádìí ohun tí ó fún Hume ní ìṣẹ́gun. Ní ìparí ọdún 1889, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Dublin láti máa ṣe táyà náà tà. Dunlop fi ìwé-ẹ̀tọ́ rẹ̀ lé ilé-iṣẹ́ náà lọ́wọ́, ó gba ìpín ìdókòwò nínú rẹ̀, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn olùdarí. Du Cros ni ó mú ètò ìṣòwò náà lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí ìwé-ẹ̀tọ́ rẹ̀ ṣe já sí òfo

Ní ọdún 1890, ìròyìn kan dé tí ó mi ilé-iṣẹ́ náà. Robert William Thomson, ọmọ Skọ́tlándì bíi Dunlop, ti gba ìwé-ẹ̀tọ́ lórí irú táyà kan náà ní ọdún 1845, nígbà tí Dunlop wà ní ọmọ ọdún márùn-ún. Thomson ti fi táyà rẹ̀ sí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n rọ́bà wọ́n nígbà náà, kẹ̀kẹ́ alágùn kò tí ì gbajúmọ̀, nítorí náà ayé gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹ̀rí pé Dunlop mọ̀ nípa rẹ̀ rí. Síbẹ̀, òfin kò wo èyí: ohun tí a ti kọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ṣáájú kì í ṣe ohun tuntun mọ́. Bí ìwé-ẹ̀tọ́ Dunlop ṣe di aláìlágbára nìyẹn.

Ohun tí ó gba ilé-iṣẹ́ náà là ni iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn tí ó rà. Táyà Dunlop àkọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ rímù pinpin, bí ó bá jò, ìdààmú ńlá ni láti tún un ṣe. Ní ọdún 1890, Charles Kingston Welch ṣe táyà tí okùn wáyà wà ní etí rẹ̀, tí a lè tú kúrò lára rímù kí a sì tún dá a padà. Ní ọdún yẹn náà ni William Bartlett ṣe oríṣi mìíràn tí ó tún ṣeé tú. Ilé-iṣẹ́ du Cros ra ẹ̀tọ́ méjèèjì. Láti inú ètò Welch ni táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ òde òní ti wá, òun ni ó sì mú kí iṣẹ́ fọkanáísà rọrùn, nítorí táyà tí kò ṣeé tú ṣòro láti lẹ̀.

Ipa rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá

Bí kẹ̀kẹ́ aláfẹ́fẹ́ ṣe ń tàn kálẹ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ ni owó rọ́bà ń gòkè. Igbó ilẹ̀ Yorùbá wà lára ibi tí àwọn oníṣòwò yíjú sí. Igi ìrẹ́ pọ̀ nínú igbó náà, oje rẹ̀ sì ń di rọ́bà. Nígbà ìjọba Gómìnà Gilbert Carter ní Èkó, àwọn tí ó mọ̀ nípa rọ́bà gbígbà wá láti Gold Coast, tí a mọ̀ sí Gánà lónìí, wọ́n sì fi hàn pé igi náà wà. Ní ọdún 1895 nìkan, rọ́bà tí ó gba èbúté Èkó jáde ju mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn ìwọ̀n lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò tó nǹkan ní ọdún tí ó ṣáájú.

Èrè náà kò tọ́jọ́. Àwọn tí ń gba oje náà sá igi yíká láìfún un ní ìsinmi, ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi ìrẹ́ sì gbẹ. Kí ọ̀rúndún náà tó parí ni rọ́bà tí ń ti Èkó jáde ti já wálẹ̀ gidigidi. Ní Kóńgò, lábẹ́ Ọba Leopold Kejì ti Bẹ́ljíọ̀mù, ọ̀rọ̀ náà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìlépa rọ́bà kan náà gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn.

Ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀

Dunlop kó lọ sí Dublin ní ọdún 1892. Ní ọdún 1895, ó fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ náà, ó sì ta èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìpín rẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni Ernest Terah Hooley ra ilé-iṣẹ́ náà ní mílíọ̀nù 3 pọ́n-ùn owó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì tà á fún gbogbo ènìyàn ní mílíọ̀nù 5. Dunlop kò sí níbẹ̀ mọ́ láti jẹ nínú èrè náà. Ìṣòwò aṣọ ní Dublin ni ó gbájú mọ́ ní ọjọ́ ogbó rẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dé, táyà aláfẹ́fẹ́ bọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn ará Michelin ní Fránsì fi í díje nínú eré ọkọ̀ láti Paris sí Bordeaux ní ọdún 1895. Ilé-iṣẹ́ Dunlop bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní ọdún 1900.

Dunlop kú ní ilé rẹ̀ ní Ballsbridge, Dublin, ní ọmọ ọdún 81. Itẹ́ òkú Deansgrange ni wọ́n sin ín sí. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ọmọbìnrin rẹ̀ gbé ìwé tí ó kọ nípa ìtàn táyà aláfẹ́fẹ́ jáde. Àwòrán rẹ̀, pẹ̀lú irùngbọ̀n gígùn, wà lórí owó pọ́n-ùn mẹ́wàá tí báǹkì Northern Bank tẹ̀ jáde ní Àríwá Írẹ́lándì.

Dunlop ní Ìkẹjà

Ilé-iṣẹ́ Dunlop forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà ní ọdún 1961, ọdún kan lẹ́yìn òmìnira. Abẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìkẹjà wà nígbà náà, kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1967. Ìjọba Ẹkùn náà ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, lẹ́bàá Agége tí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin àti ọ̀nà mọ́tò ti là kọjá. Ojú òpópónà Ọba Akran ni ilé-iṣẹ́ táyà náà wà. Orúkọ òpópónà yìí wá láti ọ̀dọ̀ Akran ti Àgbádárìgì, C. D. Akran, tí ó jẹ́ mínísítà ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ilé-iṣẹ́ Dunlop tún ní oko rọ́bà ní agbègbè Kàlàbá.

Fún ohun tí ó ju ogójì ọdún lọ, táyà tí a ṣe ní Ìkẹjà wà lábẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, dáńfó àti ọkọ̀ akẹ́rù káàkiri Nàìjíríà. Nígbà tí ó yá, ìnáwó lórí iná mànàmáná, àti táyà olówó pọ́ọ́kú tí ó ń ti òkè òkun wọlé, há ilé-iṣẹ́ náà mọ́. Michelin ti ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ ní Port Harcourt ní ọdún 2007. Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní ìparí ọdún 2008, lábẹ́ orúkọ tuntun rẹ̀, DN Tyre & Rubber. Láti ìgbà náà ni ó ti jẹ́ pé táyà tí ó ti òkè òkun wá ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọkọ̀ Nàìjíríà ń lò.

Afẹ́fẹ́, ìtọ́jú táyà àti wáránti

Ohun tí Dunlop rí nínú àgbàlá rẹ̀ ṣì ni òfin tí ó de gbogbo táyà lónìí: afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé ẹrù, rọ́bà kàn ń dá afẹ́fẹ́ náà dúró ni. Bí afẹ́fẹ́ kò bá tó, ẹ̀gbẹ́ táyà yóò máa tẹ̀, yóò máa nà, ooru yóò sì máa pọ̀ nínú rẹ̀. Tí ọkọ̀ bá wá ń sáré lójú ọ̀nà márosẹ̀ nínú oòrùn, ìpele rọ́bà àti wáyà inú rẹ̀ lè yà kúrò lára wọn, kí táyà náà sì bẹ́ lójijì.

Èyí ni ìdí tí wáránti táyà fi rí bí ó ṣe rí. Ìlérí tí àwọn tó ń ṣe táyà sábà máa ń ṣe kò ju pé àbùkù kò sí nínú ohun èlò àti iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Bí àbùkù bẹ́ẹ̀ bá yọjú, wọn yóò pààrọ̀ táyà náà tàbí kí wọ́n dá apá kan owó padà, ní ìbámu pẹ̀lú ìwọ̀n ìlà ojú táyà tí ó kù. Ìlérí yìí kì í sábà bo táyà tí kòtò tàbí ìṣó bà jẹ́, èyí tí a sá pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tí kò tó, èyí tí a di ẹrù àpọ̀jù lé lórí, tàbí èyí tí wọ́n lẹ̀ ní ìlẹ̀kulẹ̀. Ó sì sábà máa ń béèrè ìwé ìsanwó tí ó ní ọjọ́ tí a rà á. Ó lè ṣòro fún ẹni tí ó ra táyà láìgba ìwé ìsanwó láti gbé ẹjọ́ rẹ̀ dé iwájú ẹni tí ó tà á.

Ara táyà fúnra rẹ̀ ń jẹ́rìí sí bí a ṣe lò ó. Bí etí rẹ̀ méjèèjì bá jẹ ju àárín lọ, afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó. Bí àárín bá jẹ ju etí lọ, afẹ́fẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù. Bí etí kan ṣoṣo bá jẹ, ó ṣeé ṣe kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà má tọ́, ó sì yẹ kí a gbé e lọ fún aláímẹ́ǹtì. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ó tọ́ fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sábà máa ń wà lára ìwé kékeré tí a lẹ̀ mọ́ ibi ilẹ̀kùn awakọ̀. Iye tí a tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà jẹ́ òpin tí afẹ́fẹ́ kò gbọ́dọ̀ kọjá, kì í ṣe ìwọ̀n tí a ó máa fẹ́ ẹ sí. Nígbà tí táyà bá tutù, kí ọkọ̀ tó rìn, ni a ń fi géèjì wò ó, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù, láìgbàgbé ìyẹn tí ó wà nínú bùùtù. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, bí ìlà ojú táyà bá kéré sí mìlímítà 1.6, òfin kò gba kí a lò ó mọ́.

Ọjọ́ orí táyà pẹ̀lú wà lára rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin ni ó ń sọ ọ́: méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn jẹ́ ọdún. Táyà tí a kọ 2319 sí lára jáde ní ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC àti àjọ SON tí ń bójú tó ìdiwọ̀n ọjà ní Nàìjíríà ń kìlọ̀ pé kí a má ṣe lo táyà tí ó ti ju ọdún mẹ́rin lọ láti ìgbà tí a ti ṣe é. Ìjọba Nàìjíríà sì ti ka táyà tòkunbọ̀ ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mọ́ àwọn ọjà tí kò gbọ́dọ̀ wọlé, nítorí ẹni tí ó rà á kò lè mọ ohun tí ojú táyà náà ti rí, kò sì sí wáránti tí ó tẹ̀ lé e.

Bí táyà bá jò, ojú rẹ̀ tí ń tẹ ilẹ̀ nìkan ni ó ṣeé lẹ̀ láìléwu, láti inú wá síta, bí ihò náà kò bá tóbi. Ẹ̀gbẹ́ táyà kì í gba ìlẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ó ń tẹ̀ tí ó sì ń nà jù. Rọ́bà tí fọkanáísà fi ń dí ihò láti ìta wà fún ìgbà díẹ̀ ni, láti fi gbé ọkọ̀ náà dé ibi tí wọn yóò ti tú táyà, tí wọn yóò sì yẹ inú rẹ̀ wò.